Adìẹ Wà Nínú Àpótí Ẹ̀sùn

Níwájú gbọ̀ngàn abúlé Kedungsawo, Darsono tí í ṣe Carik, ìyẹn akọ̀wé ìgbìmọ̀, ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìròyìn mọ́ pátákó, nítorí ọ̀gá àgbègbè ń bọ̀ wá kí wọn kí oòrùn tó kan àtàrí. Àpótí tuntun kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan níwájú, àgádágodo méjì sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mbah Painem, ìyẹn Ìyá Àgbà Painem, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, yọ láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tòun ti apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ gbogbo ohun tó bá ní abẹ́, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún.

"Kúrúrúrú! Blorok! Blorok o!"

"Ẹ káàárọ̀, Mbah. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ọjọ́ ńlá lòní."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O ò rí adìẹ mi? Ó ní àmì tótòtó lára bí ẹtù. Kò wálé lánàá."

"Adìẹ ò sí nínú ètò òní, Mbah. Àmọ́ ẹ ṣoríire, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Ìròyìn kìíní: ìgbìmọ̀ ti tún pápá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ṣe."

"Ibi tí a ń sá ìrẹsì sí?"

"Pápá ni. Ẹ kàn ń sá ìrẹsì sí i ni. Ìròyìn kejì: òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ ọwọ́ ti padà sí ilé ìlera."

"Ibo ló lọ tẹ́lẹ̀?"

"Ìyàwó olórí abúlé yá a fi wọn ẹ̀gẹ́ fún oṣù mẹ́rin."

"Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n sanra?"

"Ẹ̀gẹ́ ló sanra." Carik wúkọ́, ó ń bá a lọ. "Ìròyìn kẹta: ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wà lábẹ́ àyẹ̀wò."

Mbah Painem gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

"Darsono, láti ìgbà òjò èṣí ló ti wà lábẹ́ àyẹ̀wò. Mo ń pọn omi láti ìsun tó wà nísàlẹ̀ òkè, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Mo sọ ọ́ fún ọ lọ́jà. Mo sọ ọ́ fún ọ níbi ìsìnkú. Mo sọ ọ́ fún ọ nígbà tí o ń wẹ̀ lódò, tí o kò rọ́nà gbà sá."

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, Mbah. Ibẹ̀ lẹ ti ṣì í. Etí ìjọba ò gba ẹnu, ìwé ló ń gbà. Ìdí rèé tí a fi gbé èyí kalẹ̀ fún yín." Ó fi àtàǹpàkò tọ́ka sí àpótí náà, bí ẹni tó ń fi ọmọ ọba han àlejò. "Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀."

Mbah Painem sún mọ́ ọn, ó ká ojú rẹ̀ jọ. Kíláàsì àwọn àgbà tí ìgbìmọ̀ dá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló ti kọ́ ìwé kíkà. Ẹni tó kun àpótí náà ò sì ráyè fi àmì sórí lẹ́tà kankan.

"A-po-ti... e-sun." Ó ronú. "Àpótí, ẹ sùn."

"Rárá o. Ẹ̀sùn."

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn. Ẹ sùn. Ta lẹ ní kó sùn?"

"A ò ní kẹ́nikẹ́ni sùn, Mbah! Ẹ̀sùn! Ohùn ìsàlẹ̀ ni méjèèjì: dò, dò. Ẹ̀-sùn."

"Dò, dò," ni Mbah Painem wí. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀... sun."

"Ẹ ti gbé e sókè lẹ́yìn! Ẹ̀sun kọ́. Ẹ̀sun ni ohun tí wọ́n bá fi sórí iná!"

Màmá fò sẹ́yìn. "Ẹ̀sun! Àpótí tí wọ́n ń fi nǹkan sun! Níwájú gbọ̀ngàn! Kí lẹ fẹ́ sun nínú rẹ̀, Darsono?"

"A ò sun nǹkan kan! Ará ìlú ló máa wá fẹjọ́ sùn níbẹ̀!"

"Kí wọ́n wá sùn níbẹ̀? Lórí ìdúró?"

Carik gbójú sókè wo ọ̀run. Àkókò yẹn gan-an ni ohùn kan jáde látinú àpótí.

"Kọ́ọ̀ọ̀. Kọ́, kọ́, kọ́."

Àwọn méjèèjì yíjú sí àpótí. Carik fọwọ́ gbá ikùn ara rẹ̀ mú.

"Ikùn mi ni, Mbah. N kò tíì jẹun àárọ̀."

"Ikùn rẹ ń ké bí adìẹ?"

"Ẹ̀wà tẹ́ńpẹ̀ tí mo jẹ lánàá ni. Ó máa ń ṣe mí bẹ́ẹ̀."

"Kọ́-kọ́-kọ́-kọ́-kẹ́ẹ̀ẹ̀!" ni àpótí náà wí, pẹ̀lú ìdùnnú ńlá.

"Ikùn rẹ ti yé ẹyin," ni Mbah Painem wí. Ó ti lẹ etí mọ́ ara pákó. "Blorok! Ṣé ìwọ ni?"

"Kọ́ọ̀."

"Òun ni."

"Kò lè jẹ́ òun! Àpótí yìí ò gba nǹkan mìíràn, àfi ohùn ará ìlú."

"Ohun ará ìlú kẹ̀? Ohun tèmi ló wà nínú rẹ̀! Báwo ló ṣe débẹ̀?"

Carik bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀. "Lánàá, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀dà inú lè gbẹ. Oòrùn mú. Inú àpótí tutù. Ní ìrọ̀lẹ́ mo wá tì í pa."

"O ò wo inú?"

"Ta ní ń wo inú àpótí òfìfo?"

"Ẹni tó bá ní làákàyè. Ṣí i."

"Kò ṣeé ṣí. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbègbè."

"Kòkòrò méjì? Ju tọwọ́ rẹ sí i, ọmọ mi. Kò tíì jẹun láti àná."

"Kọ́-kọ́-rọ́, Mbah! Kọ́-kọ́-rọ́!"

"Kọ́-kọ́-kọ́," ni Blorok dáhùn láti inú.

"Má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́," ni Mbah Painem wí. "Ó máa rò pé o ní nǹkan fún òun. Tí kọ́kọ́rọ́ kejì ò bá sí lọ́wọ́ rẹ, báwo lo ṣe ti àgádágodo kejì?"

"Irú tí a kàn ń tẹ̀ ni. Ó ń ti ara rẹ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́. Ṣíṣí rẹ̀ nìkan ló le."

"Bí ìjọba gẹ́lẹ́. Wá òòlù ká fọ́ ọ."

"Àgádágodo àgbègbè! Ẹ̀wọ̀n ni, Mbah!"

"Adìẹ mi tó wà nínú rẹ̀, ṣé òde àríyá ló wà?"

Carik gbé ọwọ́ sẹ́yìn, ó na ọrùn, ó bọ́ sínú ohùn tó fi ń ka ìwé òfin. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òfin sọ pé ohunkóhun tó bá ti wọ inú àpótí yìí ti di ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn ò sì ṣeé mú jáde àfi tí ìgbìmọ̀ bá jókòó lé e."

"Kí ìgbìmọ̀ jókòó lé adìẹ mi?" Mbah Painem fi ara bo àpótí náà. "Gbogbo àwọn méjèèje? Olórí abúlé nìkan tó màlúù!"

"Wọn ò ní jókòó lé e bí ẹ ṣe..."

"Òun ló yẹ kó jókòó lé nǹkan! Ẹyin ló ní!"

"Mo ní wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò! Nínú ìpàdé! Ní oṣù tó ń bọ̀! Ṣé ó yé yín báyìí?"

"Ó yé. Mo gbọ́ nígbà tó yé. Ẹyin kan ni."

Carik jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Mbah Painem fọwọ́ pa pákó àpótí náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ ju bó ṣe fẹ́ kí akọ̀wé rí i lọ.

"Ìwọ lè máa rò pé adìẹ lásán ni," ló wí. "Láti ìgbà tí baálé mi ti kú, Blorok ni mò ń bá sọ̀rọ̀ tí mo bá ń se kọfí. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbọ́ mi dé òpin. Mélòó lo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kedungsawo?"

Carik la ẹnu láti sọ pé ìgbìmọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún pa á dé.

"Ọ̀nà kan wà," ló sọ nígbà tó yá. "Tí ẹ̀sùn bá wọlé lórí ẹ̀sùn, a lè pè é ní kánjúkánjú. Ẹ fẹjọ́ sùn."

"Oorun ò kùn mí."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Mbah! 'Adìẹ mi wà nínú àpótí.' Kí ẹ wá jù ú sínú àpótí."

"Kí adìẹ náà lè kà á pé òun wà níbẹ̀? Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ṣáà kọ ọ́!"

Ó fún un ní bírò àti ìwé. Mbah Painem kúnlẹ̀ tì í, ó yọ ahọ́n síta, ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin ìrẹsì. Nígbà tó parí, ó ká ìwé náà, ó tì í bọ ihò. Wọ́n tẹ́tí.

Fàà. Fàà. Fà-fà-fàà.

"Kí ló ń ṣe?" ni Carik béèrè.

"Ó ń kà á."

"Ó ń ya á! Mbah, ó ń ya ìwé ìjọba!"

"Ìwé mi ni. Ó ń tẹ́ ìtẹ́ fún ẹyin rẹ̀. Òun nìkan ló tíì rí ìlò fún ẹ̀sùn tí mo mú wá síbí."

Bí Blorok ṣe ń fi ẹsẹ̀ wa inú àpótí, bébà kan yọ orí jáde láti ihò. Kì í ṣe ti Mbah Painem. Ìwé funfun tó dán ni, tí wọ́n ká dáadáa. Carik fò dìde láti mú un, àmọ́ màmá ti fà á yọ.

"Ẹ fún mi! Ìwé àṣírí ará ìlú ni!"

"Èmi náà ará ìlú ni." Ó na ìwé náà jìnnà sójú, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. "'Ẹ̀sùn... mi... ni pé... Carik wa... ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kó sinmi.'"

Blorok tún ta ìkejì jáde. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀.

"'Ẹ̀sùn mi ni pé gbọ̀ngàn wa mọ́ jù. Ẹ̀rù ń bà mí láti wọ ibẹ̀.'" Ó gbójú sókè. "Ta ló kọ èyí?"

"Ará ìlú."

"Èwo nínú wọn?"

"Ẹni tó... tó mọ ìmọ́tótó."

Mbah Painem wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lára pátákó. Ó tún wo bébà.

"Ẹni tó mọ ìmọ́tótó yìí ń kọ 'g' bí ẹja tí wọ́n fi ìwọ̀ kọ́ lẹ́nu. Ẹni tó kọ ìròyìn pápá bọ́ọ̀lù náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Òógùn bo Carik. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún mọ́ ọn. "Mbah, ẹ bò mí láṣìírí. Mẹ́wàá ni mo kọ. Àárọ̀ yìí ni mo jù wọ́n sínú rẹ̀. Ọ̀gá àgbègbè fẹ́ ṣí àpótí náà kó bá ẹ̀sùn níbẹ̀. Tó bá bá a ní òfìfo, wọ́n á ní a kì í gbọ́ tará ìlú, wọ́n á gbé e fún abúlé kejì."

"Kí ló dé tí o ò jẹ́ ká kọ ẹ̀sùn gidi?"

"Ẹ̀sùn gidi kẹ̀? Kí ẹ fi bà wá lórúkọ jẹ́ níwájú àlejò?"

Póò! Póò! Fèrè ọkọ̀ dún ní ìyànà oko ìrèké.

Carik di ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Ó sáré yí àpótí ká, ó fà á, ó tì í, ó tún sáré yí i ká. Inú àpótí, Blorok bínú.

"Wọ́n ti dé! Mbah, ẹ bá mi pè é kó jáde!"

"Kó gba ibo jáde? Ihò yẹn? Àfi ẹyin ló lè gbabẹ̀."

"Ẹ̀yin? Orí yín ò lè wọ ibẹ̀, Mbah!"

"Ẹyin, mo wí! Ti adìẹ! Dò rẹ ti pọ̀ jù láàárọ̀ yìí!"

Póò! Ọkọ̀ náà ti kọjá afárá. Carik ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Adìẹ ṣì ṣeé ṣàlàyé. Àwọn ìwé yẹn ni kò gbọdọ̀ rí. Màá kó wọn jáde."

"Darsono, má kọwọ́ bọ ibi tí adìẹ ti ń sàba."

"Mo mọ ohun tí mò ń ṣe!"

Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ihò náà, òrùka olókùúta ńlá tó wà ní ìka rẹ̀ ń họ pákó kítikìti bó ṣe ń wọlé. Ọwọ́ wọlé, ọrùn ọwọ́ wọlé, apá tẹ̀ lé e. Ó ń fọwọ́ wá inú kiri, ó fi eyín di ètè mú.

"Mo ti rí bébà kan. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́."

"Blorok nìyẹn."

"Yéèèè!"

"Mo sọ fún ọ."

"Ó fẹnu ṣá mi lọ́wọ́! Yéè!" Carik fà sẹ́yìn. Apá rẹ̀ ò tẹ̀ lé e. Ó tún fà. Àpótí náà mì, ọwọ́ ò jáde. "Òrùka mi! Òrùka mi ti kọ́ nínú ihò!"

"Bọ́ ọ."

"Ọwọ́ wo ni màá fi bọ́ ọ? Èkejì ò lè wọlé bá a!"

Mbah Painem fi ẹnu kan ihò náà. "Blorok, ọmọ mi, bá a bọ́ òrùka."

"Yéè! Mbah! Ó gbọ́!"

"Òun máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀."

Póò! Eruku ti ń gòkè lẹ́yìn igi bàǹbúù. Mbah Painem wo eruku, ó wo Carik tó na ẹsẹ̀ kan mọ́ àpótí bí ẹni ń fa eyín ẹlẹ́dẹ̀. Nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó jókòó ti àpótí jẹ́jẹ́.

"Carik, ẹ̀rọ omi ńkọ́?"

"Ṣé ìgbà yìí la máa sọ ìyẹn?"

"O ò ríbi lọ, èmi náà ò sì kánjú. Ẹ̀rọ omi ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ àyẹ̀... Yéèè! A máa tún un ṣe! A máa tún un ṣe!"

"Nígbà wo?"

"Tí ìgbìmọ̀ bá ti... Yéè! Lọ́la! Lọ́la ni! Rọ́bà kan ló já nínú rẹ̀, ó wà nínú àpótí tábìlì mi!"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò èṣí! Ó ń dúró de ìbuwọ́lùwé!"

Mbah Painem gbé orí lé pákó. Kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún fún gbogbo ọ̀nà òkè tóun ti gbé omi gùn.

"Rọra, Blorok," ló wí. "Ó ń dáhùn. Odindi ọdún kan ni mo fi bi í ní ìbéèrè yìí. Ìwọ bi í lẹ́ẹ̀mejì péré."

Ọkọ̀ náà dúró. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ọ̀gá àgbègbè sọ̀kalẹ̀ nínú bàtà tó ń dán, kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n fi rìbọ́nù pupa so wà lọ́wọ́ rẹ̀. Carik sáré na ara, ó gbìyànjú láti dúró bí ẹni tó kàn fara ti àpótí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyẹ́ adìẹ kan wà ní ètè rẹ̀.

"Mbah," ló fi igun ẹnu sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ má sọ nǹkan kan. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"N kò ní ṣe ọ́ níkà, ọmọ mi."

Ọ̀gá àgbègbè na ọwọ́ síwájú láti bọ akọ̀wé lọ́wọ́. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Ó wo Carik. Ó wo apá tó wọ inú àpótí lọ dé ìgúnpá. Ó wo àwọn bébà tó fọ́n ká. Látinú àpótí, ohùn kan tún bú jáde pẹ̀lú ayọ̀:

"Kọ́-kọ́-kọ́-kọ́-kẹ́ẹ̀ẹ̀!"

Mbah Painem dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó tẹríba fún àlejò bó ṣe yẹ.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ má bínú pé Carik wa ò lè bọ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ̀sùn ará ìlú ló dì í mú. Ẹ tètè bá wa ṣí i, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀sùn náà. Ó ti yé."